Kọ̀ǹpútà Tí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí àti Olùkọ́, Láti Ṣíṣí Àpótí Dé Kíkọ Kóòdù

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ta kọ̀ǹpútà ní àtúpalẹ̀: bọ́ọ̀dù wà lọ́tọ̀, ilé rẹ̀ wà lọ́tọ̀, okùn iná àti kíbọọ̀dù wà lọ́tọ̀, ìwé kékeré kan yóò sì wà nínú àpótí tí yóò máa sọ fún ọmọ ohun tí yóò kọ́kọ́ mú àti ibi tí yóò kì í bọ̀. Àpótí irú èyí ni a ń pè ní kíìtì. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí inú kọ̀ǹpútà, tó sì mọ ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tí àwòrán ń gbà jáde, kò ní bẹ̀rù láti pàṣẹ fún un. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti máa ń já sí asán. Títo kíìtì kì í pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà ju wákàtí kan lọ, bí ìdùnnú ọjọ́ náà bá sì ti rọlẹ̀ tí kò sí ètò fún ohun tó kàn, àpótí náà yóò padà sábẹ́ ibùsùn. Ìdí nìyí tí apá tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí fi dá lé ohun tí ọmọ yóò ṣe nígbà tí iná bá ti tàn, àti ohun tí àgbàlagbà tó jókòó tì í kò gbọdọ̀ bá a ṣe.

Títo kọ̀ǹpútà nílé kì í ṣe àṣà tuntun. Ní 1975, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra Altair 8800 ló rà á ní àtúpalẹ̀, tí wọ́n sì fi òjé jó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ fúnra wọn. Ní 1980, ZX80 tí Sinclair ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣeé rà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà di ohun àdépa tí ará ilé kì í ṣí wò mọ́. Ní Yunifásítì Cambridge, Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ń dín kù, àti pé ìmọ̀ kóòdù tí wọ́n ń gbé wá láti ilé náà ń dín kù. Ibẹ̀ ni Raspberry Pi ti wá, bọ́ọ̀dù tí kò ju káàdì ATM lọ ní ìbú àti òró, tó bọ́ sọ́jà ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2012. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Kano ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í kó bọ́ọ̀dù yìí sínú àpótí pẹ̀lú ìwé tí ọmọ lè dá kà, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Bọ́ọ̀dù yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ kíìtì títí di òní, òun náà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn lè ná owó rẹ̀ sórí ohun tí kò fẹ́. Èkíní ni kíìtì tó jẹ́ odindi kọ̀ǹpútà, tí Raspberry Pi sábà máa ń wà nínú rẹ̀: ẹ so ó mọ́ sìkíríìnì, kíbọọ̀dù àti máòsì, ọmọ yóò sì lè kọ kóòdù lórí rẹ̀ láì sí kọ̀ǹpútà mìíràn nílé. Èkejì ni bọ́ọ̀dù kékeré bíi micro:bit, èyí tí BBC pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016. Ó ní iná wẹ́wẹ́ 25 lójú àti bọ́tìnì méjì, ó sì mọ ìgbà tí a bá gbé e ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn ni a ti ń kọ kóòdù rẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta ni Arduino, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005. Ó dára gan-an fún mọ́tò àti àwọn ẹ̀rọ tó ń mọ ooru tàbí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èdè kóòdù rẹ̀ le díẹ̀, n kò sì ní fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12.

Fún ọmọ ọdún 5 sí 7, ScratchJr, ètò tí ọmọ kékeré fi ń kọ́ kóòdù, lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tó o, kò nílò kíìtì kankan. Láti ọdún 8 lọ sókè ni kíìtì ti ń ní ìtumọ̀, nítorí pé ọwọ́ ọmọ ti lè di okùn kékeré mú, ó sì ti lè ka ìlànà tẹ̀lé e. Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára àpótí kò ju ìtọ́ka lọ. Ẹni tó mọ ọmọ ló mọ èyí tó bá a mu.

Ìbéèrè kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju iye owó lọ: ǹjẹ́ kíìtì náà yóò ṣiṣẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ti kógbá sílé? Àwọn kan wà tí gbogbo ẹ̀kọ́ wọn wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́, tí ọmọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó lè ṣí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́; ọjọ́ tí wọ́n bá pa ìkànnì náà, ike àti wáyà ló kù. Èyí tó ń lo Raspberry Pi OS gan-an, ètò ìṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kejì ni bóyá ó ṣeé tú palẹ̀ láì fọ́, nítorí pé ọmọ tó tò ó lẹ́ẹ̀kan kò tíì kọ́ nǹkan tó pọ̀. Ìgbà tó bá tú u tó sì tún un tò láì wo ìwé ni ó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n fi góòmù lẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Raspberry Pi 400, tó jáde ní 2020, ti wà nínú kíbọọ̀dù pátápátá: kọ̀ǹpútà tó dára ni fún kíkọ kóòdù, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí ọmọ máa tò nínú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá bẹ̀rù wáyà, ẹ lè ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dípò kíìtì tí wọ́n ti kó pọ̀ sínú àpótí kan. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni ìwé ọmọdé inú àpótí náà, ẹ ó sì fi ìsọfúnni inú ìtọ́sọ́nà yìí rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù àti ilé rẹ̀, ẹ nílò mẹ́mọ́rì káàdì kékeré tó gba 32GB, kíbọọ̀dù àti máòsì oní-USB, sìkíríìnì tàbí tẹlifíṣọ̀n tó ní ojú HDMI, àti okùn tó bá ojú bọ́ọ̀dù yín mu. Raspberry Pi 3 ń lo HDMI gbogbogbòò, ṣùgbọ́n 4 àti 5 ń lo micro HDMI, tó kéré sí i, okùn tí ẹ yọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kò sì ní wọ̀ ọ́.

Iná ni ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń fẹ́ ṣọ́wó ná jù, ibẹ̀ gan-an ni kò sì yẹ kí a ti ṣe é. Gbogbo wọn ń lo fóòtì 5, àmọ́ Raspberry Pi 3 ń fẹ́ ṣájà tó lè gbé amp 2.5, 4 ń fẹ́ amp 3, a sì ṣe 5 fún ṣájà amp 5. Ṣájà fóònù lásán lè tan iná rẹ̀, ó sì lè dà bíi pé gbogbo rẹ̀ dára, títí ọmọ yóò fi ṣí ètò tó wúwo, tí kọ̀ǹpútà yóò kú tí yóò tún jí fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Bí àwòrán mànàmáná kékeré bá ń yọ sí igun sìkíríìnì, tàbí tí ìkìlọ̀ bá jáde pé fóòtì lọ sílẹ̀, iná ni kò tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ rò pé kóòdù òun ló fà á.

Ẹ ṣètò káàdì ṣáájú ọjọ́ títò

Orí mẹ́mọ́rì káàdì ni gbogbo ètò Raspberry Pi máa ń wà. Àwọn kíìtì kan ti kọ ètò sórí káàdì kí wọ́n tó tà á. Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba Raspberry Pi Imager, ètò tó ń kọ ètò ìṣiṣẹ́ sórí káàdì, sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti ìkànnì Raspberry Pi fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ki káàdì bọ̀ ọ́. Yóò bi yín ní irú bọ́ọ̀dù tí ẹ ní, ètò ìṣiṣẹ́ tí ẹ fẹ́, àti ibi tí kí ó kọ ọ́ sí. Ẹ fara balẹ̀ dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn yìí, nítorí pé gbogbo ohun tó bá wà lórí ibi tí ẹ yàn ni yóò pa rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ fláàṣì àti ohun ìpamọ́ mìíràn kúrò lára kọ̀ǹpútà kí àṣìyàn má baà wáyé. Nínú àwọn ètò ìṣiṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ yan Raspberry Pi OS tó kún, èyí tó ti ní Scratch àti Thonny, ètò méjì tí a fi ń kọ kóòdù, nínú, kí ọmọ lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí íntánẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ sí. Nígbà tó bá béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ fi orúkọ ìnagijẹ sí i dípò orúkọ ọmọ ní kíkún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ káàdì méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ tọ́jú èkejì, kí ẹ sì sọ fún ọmọ pé èkíní jẹ́ tirẹ̀ láti bàjẹ́. Ọmọ tó mọ̀ pé bí òun bá pa fáìlì pàtàkì rẹ́, káàdì mìíràn wà tí iṣẹ́ yóò fi tẹ̀síwájú lójú ẹsẹ̀, yóò dán ohun tí ọmọ tí a ń kìlọ̀ fún ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú kò ní dán láéláé. Lójú tèmi, káàdì kejì yìí wúlò ju ohun ọ̀ṣọ́ yòówù tó lè wà nínú àpótí lọ.

Ọjọ́ títò

Ẹ kó gbogbo nǹkan sórí tábìlì tó mọ́ tó sì ní ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ní kí ọmọ fọwọ́ kan ohun onírin kan kí ó tó mú bọ́ọ̀dù, nítorí pé mànàmáná kékeré tó máa ń kó sí ara ènìyàn lè ba ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́. Etí bọ́ọ̀dù ni kí ó dì mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Kí ó tó to ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ó wò ó dáadáa, kí ẹ sì bi í ohun tí ó rò pé ojú ihò kọ̀ọ̀kan wà fún. Ẹ fi ibi tí ẹ̀rọ tó ń ronú wà hàn án, ẹ̀yà onígun mẹ́rin tó tóbi jù láàárín bọ́ọ̀dù, àti píìnì 40 tó tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a ó padà sí láìpẹ́.

Káàdì ló ń kọ́kọ́ wọlé, lábẹ́ bọ́ọ̀dù, kí ojú rẹ̀ tó ní àmì wúrà kọjú sí bọ́ọ̀dù. Bí kò bá wọlé ní ìrọ̀rùn, ó ti yí padà nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi agbára tì í. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀dù yóò wọ inú ilé rẹ̀, tí kíbọọ̀dù àti máòsì yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà okùn HDMI. Lórí Raspberry Pi 4 àti 5, ojú micro HDMI méjì ló wà. Èyí tó sún mọ́ ojú iná jù ni kí ẹ lò. Ẹ tan sìkíríìnì kí ẹ tó fi iná sí bọ́ọ̀dù, kí iná sì jẹ́ ohun tó gbẹ̀yìn nígbà gbogbo.

Ọwọ́ ọmọ ni kí ó ṣe gbogbo èyí. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro láti jókòó wo ọmọ tó ń gbìyànjú láti ki okùn bọ ihò ní òdì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé àgbà ló ni kọ̀ǹpútà náà. Ẹ kó ọwọ́ yín sí ẹ̀yìn bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ lè torí rẹ̀ dá sí i kò ju ewu iná mànàmáná lọ: ibi tí a ti ń ki ṣájà bọ ògiri jẹ́ iṣẹ́ àgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ má ṣe yọ okùn lójijì. Ẹ lọ sí àkójọ àṣẹ, kí ẹ yan títìpa, kí ẹ sì dúró títí sìkíríìnì yóò fi dúdú. Yíyọ iná nígbà tó ṣì ń kọ nǹkan sórí káàdì wà lára ohun tó ń ba káàdì jẹ́ jù.

Bí sìkíríìnì bá dúdú

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ ó fi iná sí i tí ohunkóhun kò ní hàn. Ẹ má ṣe bínú sí i, nítorí pé ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà wà: wíwá àṣìṣe ní ẹsẹẹsẹ ni ìdajì iṣẹ́ ẹni tó ń kọ kóòdù, ọmọ yóò sì kọ́ ọ níbí kí ó tó kọ kóòdù ẹyọ kan.

Ẹ ní kí ọmọ tọ ipa ọ̀nà tí iná ń gbà láti ògiri dé sìkíríìnì. Ǹjẹ́ iná pupa wà lára bọ́ọ̀dù? Bí kò bá sí, ṣájà tàbí okùn rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí pupa bá wà ṣùgbọ́n tí iná aláwọ̀ ewé kò ṣẹ́jú rárá, bọ́ọ̀dù kò rí ètò kà lórí káàdì: ẹ yọ káàdì, kí ẹ tún un fi sí i, bí kò bá sì yí padà, ẹ dán káàdì kejì wò. Bí aláwọ̀ ewé bá ń ṣẹ́jú tí sìkíríìnì ṣì dúdú, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, àwòrán ni kò dé ibi tó ń lọ. Ẹ wò ó bóyá ojú HDMI kejì ni wọ́n ki okùn bọ̀, tàbí bóyá tẹlifíṣọ̀n wà lórí ojú mìíràn. Raspberry Pi 5 yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé iná kan ṣoṣo ló ní tó ń pa àwọ̀ dà: pupa túmọ̀ sí pé iná ti dé ara rẹ̀ ṣùgbọ́n ó wà ní pípa, aláwọ̀ ewé sì túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́.

Òfin kan ni kí ẹ fi sọ́kàn ọmọ nínú gbogbo rẹ̀: ohun kan ṣoṣo ni a ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a tó tún dán an wò. Bí ó bá pààrọ̀ okùn, káàdì àti ṣájà pọ̀ tí ó sì ṣiṣẹ́, kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Kóòdù àkọ́kọ́

Ẹ ṣí Scratch. MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007, búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni a sì fi ń kọ kóòdù nínú rẹ̀: ọmọ yóò fi máòsì fa búlọ́ọ̀kù kan, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó máa kọ ní àkọtì. Ológbò kan wà lórí pátákó tí yóò máa ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù fún ìbẹ̀rẹ̀ ni yíya onígun mẹ́rin. Ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ dìde, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín lórí ilẹ̀ kí ó sì máa sọ ohun tó ń ṣe: rìn síwájú, yí sí ọ̀tún, rìn síwájú, yí sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni kí ó to búlọ́ọ̀kù tó ń rin ìṣísẹ̀ 100 àti èyí tó ń yí ìwọ̀n 90, kí ó fi búlọ́ọ̀kù àtúnṣe (repeat), tó ń mú kí àṣẹ tún wáyé, tí a kọ 4 sí yí wọn ká, kí ó sì fi búlọ́ọ̀kù àsíá aláwọ̀ ewé lé gbogbo rẹ̀ lórí. Nígbà tó bá tẹ àsíá aláwọ̀ ewé, ológbò yóò dà bí ẹni tí kò kúrò lójú kan rárá, ọmọ yóò sì pariwo pé kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ o. Ológbò ti yí gbogbo igun mẹ́rin ká, ó sì ti padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kí ojú tó lè rí i. Ẹ má ṣe yára sọ fún un. Ẹ bi í bí ó ṣe lè mú kí ológbò náà rọra. Bí ó bá wá búlọ́ọ̀kù ìdúró rí, tó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 1 sí inú àtúnṣe náà, yóò rí ìrìn náà kedere. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi àfikún gègé kún Scratch, kí ó sọ gègé kalẹ̀, kí ipa ẹsẹ̀ ológbò lè hàn.

Ẹ wá ní kí ó ya onígun mẹ́ta. Yóò sọ 4 di 3, yóò sì rí i pé ojú ìlà kò pàdé. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò gbìyànjú ìwọ̀n 60, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé igun onígun mẹ́ta tó dọ́gba jẹ́ 60, yóò sì tún dàrú mọ́ wọn lójú. Èyí tó tọ́ ni 120, nítorí pé ìyípadà tí ẹni tó ń rìn ń ṣe níta igun ni ológbò ń wọ̀n, kì í ṣe inú igun náà. Bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ rí i pé 360 tí a bá fi iye ẹ̀gbẹ́ pín ni ìdáhùn, yóò lè ya onígun márùn-ún, mẹ́fà, àti ogún láì bi ẹnikẹ́ni. Àtètèkọ́ṣe ọgbọ́n yìí wà nínú èdè Logo, tí Seymour Papert, Cynthia Solomon àti Wally Feurzeig dá sílẹ̀ ní 1967, kí ọmọdé lè fi ara àti ọpọlọ kọ́ ìṣirò pa pọ̀.

Ẹ má ṣe sáré kúrò lórí Scratch. Ọmọ tó bá lè ṣe eré kékeré kan tó ní iye àmì, níbi tí nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ bí ohun méjì bá fara kanra, ti lo àtúnṣe, ìpinnu àti àpò ìpamọ́ iye, àwọn wọ̀nyí gan-an ni yóò sì tún pàdé nínú èdè mìíràn.

Láti búlọ́ọ̀kù dé ọ̀rọ̀

Python ni èdè tó kàn. Guido van Rossum gbé e jáde ní 1991, Thonny sì ni ètò tó rọrùn jù láti kọ ọ́ lórí Raspberry Pi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú onígun mẹ́rin tí ọmọ ti mọ̀, kí ó lè rí i pé èrò kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀:

```
import turtle
ijapa = turtle.Turtle()
for i in range(4):
    ijapa.forward(100)
    ijapa.right(90)
turtle.done()
```

Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo lẹ́tà náà. Àmì olójú méjì (:) tó wà ní òpin ìlà kẹta àti àlàfo tó wà níwájú ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbàgbé, Python yóò sì kọ lẹ́tà pupa sí wọn lójú. Ẹ kọ́ ọ láti ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìfisùn náà ṣáájú, nítorí pé ibẹ̀ ni irú àṣìṣe náà wà, kí ó sì wá nọ́ḿbà ìlà tí ó tọ́ka sí. Nígbà mìíràn, ìlà tó ṣáájú rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ohun kan tún wà tó máa ń da àgbà pàápàá láàmú: bí ọmọ bá pe fáìlì rẹ̀ ní turtle.py, Python yóò máa wá ìjàpá nínú fáìlì ọmọ náà dípò inú ti ara rẹ̀, kóòdù tó tọ̀nà yóò sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó fún fáìlì náà ní orúkọ mìíràn.

Iná tó ń gbọ́ àṣẹ

Ìhín ni kíìtì fi yàtọ̀ sí láptọ́ọ̀pù, nítorí pé kóòdù ọmọ yóò jáde kúrò nínú sìkíríìnì, yóò sì tan nǹkan lórí tábìlì. Ẹ nílò gílóòbù LED kan, rẹsítọ̀ 330 ohm tí ìlà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ọsàn àti búráùn, breadboard (pátákó oníhò tí a fi ń so ẹ̀yà pọ̀ láì fi òjé jó wọn), àti wáyà méjì. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó so wáyà kankan.

Ẹ wá píìnì kìíní, tó wà ní ìpẹ̀kun tó jìnnà sí ojú USB, ní ìlà tó wà nínú. Ìlà inú ni nọ́ḿbà 1, 3, 5 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ wà, ìlà tó wà létí bọ́ọ̀dù sì ni 2, 4, 6. Wáyà kan yóò ti píìnì 11 lọ sí ẹsẹ̀ gígùn LED, rẹsítọ̀ yóò wà láàárín ẹsẹ̀ kúkúrú àti wáyà kejì, wáyà kejì yóò sì parí sí píìnì 9, tó jẹ́ ilẹ̀ (ground), ibi tí iná ń gbà padà. Bí ẹsẹ̀ LED bá yí padà, kò ní bàjẹ́ níbí, àmọ́ kò ní tàn. Rẹsítọ̀ ló ń dín agbára iná kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fò ó, nítorí pé láìsí i, LED àti píìnì lè jóná. Ẹ tún kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ so píìnì 2 tàbí 4 mọ́ píìnì àṣẹ: fóòtì 5 ni àwọn méjèèjì ń gbé, bẹ́ẹ̀ píìnì àṣẹ kò gbà ju 3.3 lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún wáyà yẹ̀ wò, ẹ tan kọ̀ǹpútà padà:

```
from gpiozero import LED
from time import sleep
ina = LED(17)
while True:
    ina.on()
    sleep(1)
    ina.off()
    sleep(1)
```

Ọmọ tó bá mọ ohun tó ń kà yóò béèrè ìdí tí kóòdù fi sọ pé 17 nígbà tí wáyà wà ní 11. Ìdáhùn ni pé nọ́ḿbà méjì ni píìnì kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan ń ka ipò rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, èkejì ni orúkọ tí ẹ̀rọ fi mọ̀ ọ́n, píìnì tó wà ní ipò 11 ló sì ń jẹ́ 17. Ẹni tó bá ka ipò títí dé 17 tó sì so wáyà síbẹ̀ yóò rí iná tó tàn láì ṣẹ́jú, tí kò sì ní gbọ́ àṣẹ kankan, nítorí pé píìnì ipò 17 máa ń gbé fóòtì 3.3 nígbà gbogbo. Ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí pẹ̀lú ọmọ, kí ó rí ìyàtọ̀ láàárín iná tó kàn ń tàn àti iná tí kóòdù ń darí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi LED pupa, òféèfèé àti aláwọ̀ ewé ṣe iná ojú pópó, kí ọmọ kọ bí wọn yóò ṣe máa tẹ̀ léra. Ẹ fi bọ́tìnì kún un, kí iná pupa lè tàn bí ẹni tó fẹ́ sọdá bá tẹ̀ ẹ́. N kò ní kọ kóòdù rẹ̀ síbí. Gpiozero, àkójọ àṣẹ Python tí a lò lókè yìí, ní Button gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ní LED, kí ọmọ sì wá bí a ṣe ń lò ó fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ìgbà kúkúrú tó ń wáyé déédéé dára ju ọjọ́ kan tó gùn lọ, ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sì tó fún ọmọ ọdún 9. Ẹ jẹ́ kí ó parí ìgbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kíkọ ohun tó fẹ́ ṣe nígbà mìíràn sínú ìwé, nítorí pé òun ni yóò gbé e padà wá sórí tábìlì. Bí ọmọ méjì bá ń pín kíìtì kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa tẹ kíbọọ̀dù, kí èkejì máa sọ ohun tí yóò tẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó yára jù lọ́wọ́ ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Ní kíláàsì, ẹ ṣọ́ra kí àwọn ọmọkùnrin má baà sọ ọmọbìnrin di akọ̀wé tó kàn ń wò wọ́n.

Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ti lè tó wọn. Bátìrì bọ́tìnì ni kí ẹ ṣọ́ ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀ bí ọmọ bá gbé e mì. Ẹ má ṣe dúró kí ẹ wò ó bóyá yóò kọjá fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún bọ́ọ̀dù tó lágbára jù. Ẹ bi í ohun tó fẹ́ ṣe tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó dúró. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ṣe pàtó, bíi pé ó fẹ́ kí ohun tó ṣe máa rìn, ẹ ra mọ́tò kékeré fún bọ́ọ̀dù tó ní, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò pẹ̀lú bátìrì tirẹ̀, nítorí pé mọ́tò ń fẹ́ agbára tó ju èyí tí píìnì Raspberry Pi lè gbé lọ, a kò sì gbọdọ̀ so ó mọ́ ọn tààrà.